Kọ́ọ̀bù Kejì Lórí Pátákó

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kìíní

Ìṣó mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé òtútù ibẹ̀ ń jẹ́ kí o sùn? Èmi bàbá rẹ wà láàyè. Atẹ̀wé, aládùúgbò wa, ni ó ń bá mi tẹ ìwé yìí. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ ń yún un. Ó ní kí n bá òun kí ọ. Mo ti kí ọ.

O tún sọ pé kí n máa gbé fóònù tí o rà fún mi. N kò ní gbé e. Fóònù yẹn ni mo fi sọ fún ọ pé ìyá rẹ ti kú, mo sì gbọ́ bí o ṣe ké. Ohun tí ó gbé irú igbe bẹ́ẹ̀ wá, n kò tún ní fi kan etí mọ́. Ìwé ni kí o máa kọ.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, irin tí mo fi ń gbẹ́gi já lé mi lẹ́sẹ̀, ó bó ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún. N kò kà á sí. Káfíńtà wo ni irin kò tíì gé rí? Ṣùgbọ́n egbò náà kọ̀, kò jinná. Ọ̀fun mi ń gbẹ, ìtọ̀ kò sì jẹ́ kí n jókòó. Atẹ̀wé ló fi ipá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní àtọ̀gbẹ ni, pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ni kò jẹ́ kí egbò jinná. Ó fún mi ní oògùn tí n óo máa gbà lóṣooṣù. Ó ní bí ó bá di ìparí oṣù karùn-ún tí ṣúgà náà kò tíì wálẹ̀, òun yóò gé ìka náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ dín pákó kù díẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè pa dé.

Mo bi í pé kí ni kí n máa jẹ. Ó ní kí n ṣọ́ra fún ohun dídùn, ó sì pe ẹni tó kàn.

Ìwọ tí o kàwé, bá mi wádìí ohun tí irú mi ń jẹ. N kò fẹ́ lọ bá ìyá rẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò pé. Yóò ní mo tún ti ṣe àìbìkítà.

Ilé wà bí ó ṣe wà, àfi pé ó dákẹ́. Èèrà tó máa ń wọ́ tìì nídìí igi ọsàn ẹ̀yìn ilé ìdáná, èyí tí mo fi kẹrosíìnì bá jà títí tí ó sú mi, bí ìyá rẹ ti lọ ni àwọn náà lọ. Ohun gbogbo ló bá a lọ.

Èmi ni, bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ìrora ẹsẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Atẹ̀wé, kí ọwọ́ wọn má ṣe ro wọ́n.

Inú ń bí mi sí yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Oṣù méjì ni ẹ fi tiro, ẹ kò sọ. Bí ìyá mi bá wà, ṣé ọjọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí yóò fi pamọ́ fún mi? Ẹ máa ń ṣe bí ẹni pé ara yín kò kan ẹnikẹ́ni. Ó kàn mí.

Ojú ewé mẹ́ta ni mo fi sínú ìwé yìí. Orí fóònù mi ni mo ti rí i, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ wà ní apá òsì, èyí tí ẹ lè jẹ wà ní apá ọ̀tún. Ẹni tó kọ ọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti gbádùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀, bí ẹ ṣe ń tẹ̀ lé ìlà pẹ́ńsùlù yín. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ìwé mi gùn ju báyìí lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Ìṣó mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, pẹ̀lú ojú ewé mẹ́ta tí ó fẹ́ pa mí.

O ní kí n tẹ̀ lé e láìyẹsẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Atẹ̀wé kà á sí mi létí, ohun gbogbo tí mo ń jẹ láti ìgbà tí mo ti léyín wà ní apá òsì. Búrẹ́dì, òsì. Ìrẹsì, òsì. Ẹ̀wà pàápàá, òsì ló fi í sí. Apá ọ̀tún ní kí n jẹ ewé kan tí Atẹ̀wé kò lè pe orúkọ rẹ̀, àti ẹja inú òkun tútù. Mo bi obìnrin tó ń ta ẹja. Ó ní òun kò bi ẹja òun léèrè ibi tó ti wá.

Ni mo bá ń mu omi, mo ń jẹ ẹ̀fọ́ lásán, mo sì ń lo oògùn mi. Ọjọ́ kẹrin, mo ń fá ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò mí, ojú mi ṣú. Nígbà tí mo lajú, inú èérún igi ni mo wà, Atẹ̀wé ń da omi ọsàn sí mi lẹ́nu. Dókítà ní ṣúgà náà já wálẹ̀ jù, pé ẹni tó ń lo oògùn yẹn kò gbọdọ̀ máa febi pa ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún mi. Ìwé rẹ náà kò sọ ọ́.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Bàbá ta ni wọ́n kọ ìwé yẹn fún? Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé agogo márùn-ún ni mo ń jí, pé òòró gangan ni mo fi ń ṣiṣẹ́, pé eyín mi tó kù kò ju mọ́kànlá lọ, pé obìnrin tó ń dáná fún mi ti wà nínú ilẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kan àga fún ènìyàn, mo máa ń ní kó jókòó ná kí n wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ fi àga ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí mi.

Atẹ̀wé ní ọ̀rọ̀ mi le jù. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo tún kúnlẹ̀, n kò sì tíì dìde. Ẹ foríjì mí.

Ìwé yín bá mi níbi iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ láti yàrá dé yàrá. N kò sọ èyí fún yín rí: lórí àwo kọ̀ọ̀kan, káàdì kan wà. Káàdì ìyá tí kò léyín yàtọ̀ sí ti ìyá tí kò fẹ́ràn ẹja. Bàbá kan wà tó ti jẹ́ awakọ̀ ojú irin. Káàdì tirẹ̀ ní kí a gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gé búrẹ́dì rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya á. Lẹ́yìn tí mo ka ìwé yín, àwo bàbá yẹn ló wà lọ́wọ́ mi. Mo dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá oníbàbá ni mò ń fi káàdì bọ́. Bàbá tèmi, mo fi ìwé ọjà ránṣẹ́ sí i.

Mo lọ bá obìnrin tó ń kọ àwọn káàdì náà. Ó ní òun kì í kọ ọ̀kan láìjókòó ti ẹni náà. Òun á bi í ní ìgbà tó ń jí, iṣẹ́ tó ṣe, ẹni tó ń dáná fún un. Ó ní onímọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ń pe irú òun, pé kò sí ilé ìwòsàn ńlá tí ẹyọ kan kò ní sí. Bàbá mi, ẹ bi dókítà yín. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún bi í. Ẹ kúkú mọ bí a ṣe ń sú ènìyàn.

Ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Ìṣó mi,

Dìde. Orúnkún kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré ní ilẹ̀ òtútù.

Mo bi dókítà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá ní ọ̀kan wà, pé ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá, nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Mo lọ. Ọmọdébìnrin ni, kò lè jù ọ́ lọ. Ó bi mí ní ohun tí mò ń jẹ, mo ní oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ní ń sè é, mo ní èmi. Ó ní kí ni mo mọ̀ ọ́n sè jù, mo ní kò sí. Ó gbé ìwé pẹlẹbẹ kan fún mi, ó ní kí n kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu mi fún ọjọ́ méje, kí n má fo ọ̀kan. Mo ní n kò mọ̀wé. Ó ní kí ọmọ mi bá mi kọ ọ́. Mo ní ọmọ mi wà lókè òkun. Ó ní kí n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀wẹ̀, mo mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Mo fá pátákó kan, mo fa ìlà méje sí i. Òbìrípo ni búrẹ́dì, igi kan ni ṣíbí ìrẹsì kan, ojú ni ẹyin, ìrù ni ẹja. Tíì, mo ya kọ́ọ̀bù. Ṣúgà, mo fi àmì kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Ìdiwọ̀n ni iṣẹ́ mi. Káfíńtà tó bá fo àmì kan, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní pa dé. Mo gbé pátákó náà sábẹ́ apá lọ. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì bi mí bóyá fèrèsé ni mo wá tún ṣe.

Ọmọbìnrin náà gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì kà á bí ẹni pé òun ló ya á. Ó gba pẹ́ńsùlù etí mi, ó ń fa ìlà sí i. Ó ní kí n jẹun kí n tó lo oògùn, ní agogo mẹ́fà. Ó ní kí n padà sídìí ẹ̀wà mi. Búrẹ́dì, kí n má ṣe jẹ òun nìkan, kí ẹyin wà níbẹ̀. Ìrẹsì, kó má ju ìkúùkù mi lọ. Mo délé, mo kan àpótí kékeré kan tó bá ìkúùkù mi mu, òun ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Kò sí ewé àjèjì kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ẹnì kan bi mí ní ohun tí mo jẹ.

Ó wá fi ìka lé ibì kan. Ó ní kọ́ọ̀bù tíì méjì ló wà ní àárọ̀, méjì ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan kò ní ṣúgà, èkejì ní mẹ́ta. Ó ní, “Bàbá, ta ló ni kọ́ọ̀bù kejì?” Mo ní àlejò mi ni. Ó ní, ṣé ojoojúmọ́ ni àlejò náà ń wá? Mo ní ojoojúmọ́ ni. Ó wò mí, ó sì dá pátákó mi padà fún mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ pátákó náà, mo fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìparí ìwé yín, ẹ̀rín náà kú.

Àlejò wo ló ń mu tíì nílé wa ní agogo mẹ́fà àárọ̀? Tó tún ń padà wá ní ìrọ̀lẹ́? Ojoojúmọ́? Kì í ṣe Bàbá Atẹ̀wé, ẹ̀yin ni ẹ sọ fún mi pé tíì máa ń ru wọ́n nínú.

Mo ti dàgbà, Bàbá. Mo mọ̀ pé ilé dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò tíì pé ọdún méjì. Bí ẹ bá ti mú obìnrin mìíràn wọlé, kì í ṣe ẹnu onímọ̀ oúnjẹ ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ. Ṣé kọ́ọ̀bù tánganran aláwọ̀ ojú ọ̀run ti ìyá mi yẹn ni ó fi ń mu ún? Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ wa,

Èmi Atẹ̀wé ni mo kọ èyí, bàbá rẹ kò mọ̀. Ìwé rẹ ti dé, èmi ni mo sì kà á fún wọn. Mo dé ibi tí o ti bèèrè kọ́ọ̀bù, wọ́n dìde, wọ́n jáde. Láti ìgbà náà, wọn kò ní kí n tẹ nǹkan kan. Wọ́n ti kọ ojú pátákó wọn sí ògiri. Wọ́n ń jẹun bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ní kí wọ́n jẹ, mo fi ojú mi rí i, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ gba oògùn, ṣúgà náà kò wálẹ̀ tó. Ìka ti ń dúdú létí. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ tí dókítà dá kò jìnnà mọ́.

N kò rí obìnrin kankan nílé yín. N kò sì rí àlejò.

Atẹ̀wé.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ìṣó,

Mo ní kí Atẹ̀wé má wo ojú mi. Ó ń wo ẹ̀rọ rẹ̀.

Kò sí obìnrin kankan. Kọ́ọ̀bù tí o bèèrè yẹn náà ni.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi po tíì ìyá rẹ. Láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, àti ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá ti pa á dé. N kò mọ̀ ọ́n ṣe ju ìyẹn lọ. N kò ra aṣọ fún un bí àwọn ọkọ mìíràn, n kò sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Mo máa ń fi hóró ṣúgà mẹ́ta sí i, n óo rò ó títí n kò fi ní gbọ́ ìró ṣúgà mọ́ nísàlẹ̀ kọ́ọ̀bù, n óo gbé e sórí tábìlì, n óo bá tèmi lọ. Nígbà tí ṣúgà wọ́n, èmi mu tèmi lásán kí tirẹ̀ lè pé mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì tí a sin ín, mo jí, mo gbé omi kaná, ọwọ́ mi po méjì. Ọwọ́ ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Mo jókòó, mo ń wò ó títí ó fi tutù. N kò lè dà á nù. Bí mo ṣe máa da tíì ìyàwó mi sílẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Ni mo bá mu ún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń mu ún.

Mo yà á sórí pátákó nítorí ó wọ ẹnu mi, ọmọbìnrin yẹn sì ní kí n má fo ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó bèèrè ẹni tó ni ín, àlejò ni mo pè é. Mo mọ̀ pé òun ló ń pa ẹsẹ̀ mi. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí ó fi ìka lé e. Ṣé kí n wá jẹ́ kí wọ́n gé ìka, àbí kí n dẹ́kun pípo tíì fún ìyá rẹ? Ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n fẹ́ gé lára mi. Sọ fún mi, ìwọ tí o ń bínú.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì fi ìtìjú kí yín. Ẹ gbàgbé ìwé mi tó kọjá. Owó ìwé kíákíá ni mo san fún èyí kó lè tètè dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi àti ìyá mi jọ mọ̀. Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní sọ ọ́, àmọ́ bó bá rí ẹsẹ̀ yín báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́.

Ìyá mi kì í mu ṣúgà. Kò mu ún rí. Ó máa ń rìn ín lọ́kàn. Bí ẹ bá ti gbé kọ́ọ̀bù náà sórí tábìlì tí ẹ jáde lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, a ó máa tẹ́tí sí ẹsẹ̀ yín títí ìró rẹ̀ yóò fi dé orí òkúta ẹnu ọ̀nà ìta. Nígbà náà ni yóò ti kọ́ọ̀bù náà sọ́dọ̀ mi, tí yóò bu òmíràn tí kò ní nǹkan kan nínú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, èmi ni mo ń mu gbogbo tíì yẹn, Bàbá, láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá dé. Ẹ sì máa ń bèèrè ìdí tí mo fi fẹ́ràn jíjí kùtùkùtù.

Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tí kò fi sọ fún yín. Ó ní, “Bàbá rẹ kò lọ́rọ̀ dídùn lẹ́nu. Ohun tó ní nìyẹn. Ṣé kí ó gbé e fún mi, kí n wá ní ó dùn jù?”

Nígbà tí mo wá kúrò nílé, mo bèèrè lórí fóònù ẹni tó ń mu ún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní igi ọsàn ẹ̀yìn ilé ìdáná ni. Bàbá mi, èèrà wọ̀nyẹn.

Ẹ máa po tíì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ má po ó. Ẹ kàn po ó bó ṣe ń mu ún.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ìṣó mi,

Ṣé ara rẹ le? Tèmi ń bọ̀ sípò.

Nígbà tí Atẹ̀wé ka ìwé rẹ tán, mo bínú. Mo ní obìnrin yìí fi ọdún mọ́kànlélógójì tàn mí jẹ. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo dúró sídìí igi ọsàn náà. Mo rántí bí mo ṣe máa ń tẹ̀ba níbẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì, tí mò ń ṣépè fún èèrà, tí ìyá rẹ yóò jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa sọ pé, “Ẹ rọra o, àwọn náà ń wá oúnjẹ.” Kò rẹ́rìn-ín rárá. Atẹ̀wé bá mi níbẹ̀ tí mò ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ṣúgà ló tún já wálẹ̀, ó sáré lọ mú omi ọsàn wá.

Mo gbé pátákó padà lọ bá ọmọbìnrin náà lọ́jọ́bọ̀. Mo sọ fún un ẹni tó ni kọ́ọ̀bù kejì. Kò ní kí n má po ó. Ó gba pẹ́ńsùlù mi, ó pa àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta abẹ́ rẹ̀ rẹ́, ó fi kọ́ọ̀bù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní ìparí oṣù, dókítà gún mi níka. Ó wo ẹ̀rọ, ó tún gún òmíràn. Ó ní ṣúgà náà ti ń wálẹ̀, egbò sì ti ń pa ojú dé, pé òun kò ní gé nǹkan kan báyìí, ṣùgbọ́n òun yóò máa wo ẹsẹ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní kó máa wò ó.

Ní òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ po ó láìfi ṣúgà sí i, mo ṣì ń rò ó. Ọwọ́ kò mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀. Mo gbé e sẹ́nu. Ó korò díẹ̀, ó sì mọ́ lẹ́nu. Mo ti jẹun pẹ̀lú obìnrin yẹn fún ọdún mọ́kànlélógójì, n kò mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo mu ún, n kò fẹ́ kó tán.

Hóró ṣúgà tó kù wà nínú agolo rẹ̀, mo dé e pa kí èèrà má baà débẹ̀. Ìwọ ló ni ín. Nígbà tí o bá wálé, mẹ́ta ni n óo fi sí tìrẹ, n kò sì ní jáde lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. N óo jókòó, n óo máa wò ọ́ bí o ṣe ń mu ún.

Bàbá rẹ.